Gíríìkì inú Májẹ̀mú Titun: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Kubwa

Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì lédè Yorùbá ní pálọ̀ wa ní Kubwa. Gosiló kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ti Wuse àti Central Area bọ̀ tètè dé, aago méje ààbọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹnìkan ti gbọ́ pé mo kọ́ Gíríìkì fún ọdún mẹ́ta, mi ò sinmi mọ́. Mo kọ àwọn ìdáhùn yìí sílẹ̀ kí n lè yé tẹ̀ wọ́n sórí WhatsApp láago mọ́kànlá òru.

Ṣé ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì lè lóye Bíbélì?

Ó lè lóye rẹ̀ dáadáa. Ìyá kan wà láàárín wa tí wọ́n ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní ọjà Kubwa. Wọn ò gbọ́ Gíríìkì, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì kọjá èyí tí wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn. Síbẹ̀, tí mo bá ṣi ẹsẹ kan túmọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀, nítorí wọ́n ti ka Bíbélì Yorùbá wọn débi pé wọ́n mọ ohun tó ṣáájú ẹsẹ náà àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ èyí, Gíríìkì ò lè gbà á sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe àwa Yorùbá tó wà lókè níhìn-ín ni pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń gbọ́ ìwàásù, Gẹ̀ẹ́sì náà la fi ń gbọ́ àlàyé nípa Gíríìkì. A wá ń ru ìṣòro Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Bíbélì tí kò ní ìṣòro yẹn rárá. Àjàyí Crowther kọ́ Gíríìkì. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ parí lọ́dún 1884, ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ ń pè ní "ohun tí Gíríìkì sọ gan-an" ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i bí a ṣe ń lọ.

Irú Gíríìkì wo ni? Ṣé èyí tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gíríìsì lónìí ni?

Bàbá ńlá rẹ̀ ni. Koine ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èdè àjùmọ̀sọ. Lẹ́yìn tí Alexander ará Makedóníà ti ṣẹ́gun káàkiri, tó sì kú lọ́dún 323 ṣáájú ìbí Jésù, èdè náà di èdè ọjà àti ti ìjọba láti Íjíbítì títí dé Síríà. Ẹ lọ sí Nyanya láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí Gbagyi, Tiv, Íbò àti Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa ná ọjà. Hausa wọn kì í ṣe ti ààfin Kano, àmọ́ ọjà ń tà. Koine náà rí bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ṣẹ̀dá Gíríìkì Májẹ̀mú Titun lọ́tọ̀, nítorí kò jọ ti àwọn akéwì àgbà. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní Íjíbítì. Lọ́dún 1896 sí 1897, Grenfell àti Hunt bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìwé àtijọ́ jáde láti inú ààtàn ní Oxyrhynchus: rìsíìtì, ìwé ẹjọ́, lẹ́tà tí ọmọ kọ sí bàbá rẹ̀ pé kó fi owó ránṣẹ́. Irú ìwé báyìí ló fi hàn pé èdè àwọn àpọ́sítélì ni àwọn ará àdúgbò ń sọ.

Pásítọ̀ wa ní agape ni ìfẹ́ Ọlọ́run, phileo sì ni ìfẹ́ ọ̀rẹ́ lásán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èmi náà ti wàásù ẹ̀ rí, ní ilé kan ní Nyanya, fún odindi ìṣẹ́jú àádọ́ta. Jòhánù 21 ni mo mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù fi agapao bi Pétérù bóyá ó fẹ́ òun, phileo ni Pétérù fi ń dáhùn. Nígbà kẹta, Jésù fúnra rẹ̀ bọ́ sí phileo. Mo ní ìfẹ́ gíga ni Olúwa ń béèrè, ti ilẹ̀ ni Pétérù ní lọ́wọ́, Olúwa wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a níbi tó wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a ṣe tán, bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná ti lọ. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn sójú ìwé Gíríìkì mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣí Tímótì Kejì, orí 4, ẹsẹ 10. Démà tó fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ayé yìí, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n lò níbẹ̀?" Mo fi ìka tọ ìlà náà títí mo fi dé ibẹ̀. *Agapesas*. Agape kan náà ni Démà ní sí ayé.

Bàbá ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní kí n dé ilé kí n wo Sámúẹ́lì Kejì, orí 13, nínú Májẹ̀mú Láéláé ti Gíríìkì tí àwọn àpọ́sítélì ń kà. Mo wò ó. Ámúnónì tó fipá bá Támárì lò, tó sì lé e jáde bí ajá, agape ni ìwé náà pe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. Ojú tì mí lóru yẹn. Ó tún wá kù: ní Jòhánù 3:35, Baba fẹ́ràn Ọmọ, agapao ni; ní 5:20, Baba fẹ́ràn Ọmọ, phileo ni. Tí phileo bá jẹ́ ìfẹ́ ọ̀rẹ́ lásán, kí ni Baba ń fi í ṣe?

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ ní orí 21? Jòhánù fẹ́ràn kó máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Nínú ẹsẹ mẹ́ta yẹn náà, ó lo ọ̀rọ̀ méjì fún àgùntàn, méjì fún bíbọ́ àti títọ́jú wọn, méjì fún "mọ̀". Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù lórí "mọ̀" méjèèjì. Bí mo bá ní mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ta ni yóò bi mí pé èwo ló ga jù nínú méjèèjì? Ẹsẹ 17 sì sọ ohun tó ba Pétérù nínú jẹ́, ó ní nítorí pé Jésù bi í *lẹ́ẹ̀kẹta* ni. Ẹni tó ti sẹ́ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta á mọ ohun tí wọ́n ń kà fún un.

Ìfẹ́ Ọlọ́run ga, mi ò jà sí ìyẹn. Àmọ́ orí àgbélébùú ni kí ẹ ti lọ wo gíga rẹ̀, ẹ má wá a sínú lẹ́tà Gíríìkì márùn-ún.

Logos àti rhema ńkọ́? Wọ́n ní logos ni Ọ̀rọ̀ tí a kọ, rhema ni èyí tí Ọlọ́run ń sọ sí mi lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ ní Abuja. Ní ìparí Oṣù Kejìlá, gbogbo èèyàn ló ń wá rhema ọdún tuntun. Mi ò ní kí Ọlọ́run má bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àpọ́sítélì ò pín ọ̀rọ̀ méjèèjì báyẹn.

Ẹ ka Pétérù Kìíní, orí 1. Ní ẹsẹ 23, logos Ọlọ́run tó wà láàyè ni a fi tún wa bí. Ní ẹsẹ 25, Pétérù mú ọ̀rọ̀ Àìsáyà wá pé ọ̀rọ̀ Olúwa dúró títí láé, rhema ló sì lò. Nǹkan kan náà ló ń sọ láàárín ẹsẹ mẹ́ta. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:44 tún ṣe kedere ju ìyẹn lọ: bí Pétérù ṣe ń sọ rhemata wọ̀nyí lọ́wọ́, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé gbogbo àwọn tó ń gbọ́ logos. Rhema jáde lẹ́nu Pétérù, ó di logos kó tó dé etí wọn! Idà ńkọ́? Ní Éfésù 6:17, rhema ni idà Ẹ̀mí. Ní Hébérù 4:12, logos ló mú ju idà olójú méjì lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Lúùkù 2:15. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ní, ẹ jẹ́ ká lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ká lọ wo *rhema* yìí tó ṣẹlẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń fojú wo ọ̀rọ̀? Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì á nílò àlàyé níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ò nílò rẹ̀. A máa ń ní "ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀", a máa ń ní "ọ̀rọ̀ ńlá dé". Ọ̀rọ̀ lédè wa jẹ́ ohun tí a fi ẹnu sọ, ó sì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Rhema náà rí bẹ́ẹ̀, logos sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Dunamis ni wọ́n ti mú dáínámáìtì. Ṣé kò yẹ kí ìhìn rere máa bú gbàù ni?

Ọdún 1867 ni Alfred Nobel sọ ohun ìbúgbàù rẹ̀ ní dáínámáìtì. Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ẹgbẹ̀rin ṣáájú ìgbà yẹn. Dunamis ni agbára, bó ti wà nínú Bíbélì Yorùbá yín. Ó tán.

Ṣé òótọ́ ni pé ekklesia túmọ̀ sí "àwọn tí a pè jáde"?

Tí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ẹ ó rí "jáde" àti "pè" nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni ìtumọ̀ ìyàwó? Àwọn àgbà ní ìtàn kan pé "ìyà Ìwó" ló di ìyàwó, ìyẹn ìyà tí ọkùnrin kan jẹ nílùú Ìwó kó tó fẹ́ ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ tí ẹnìkan bá fi ìyàwó rẹ̀ tó wá láti Lokoja hàn mí, ṣé kí n bi í pé ìyà wo ló jẹ ní Ìwó?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó ń lò ó. Nígbà ayé Pọ́ọ̀lù, ekklesia ni ìpéjọ. Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19. Wọ́n dá rúgúdù sílẹ̀ ní Éfésù, wọ́n ya wọ inú gbọ̀ngàn, wọ́n ń pariwo òrìṣà wọn fún nǹkan bí wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi péjọ. Ekklesia ni Lúùkù pe èrò yẹn ní ẹsẹ 32, ó tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ 41. Ta ló pè wọ́n jáde kúrò nínú ayé?

Àwa ń pè é ní *ìjọ*, láti inú *jọ*, kí èèyàn péjọ. Àwọn tó yan ọ̀rọ̀ yẹn fún wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kí ló dé tí Jésù ṣèlérí Olùtùnú nínú ìwé Jòhánù, tí Jòhánù Kìíní 2:1 sì ní a ní alágbàwí? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni: parakletos, ẹni tí a pè kó wá dúró ti èèyàn. Tí ẹjọ́ bá wà, ẹni tó dúró tì mí máa bá mi sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, alágbàwí nìyẹn. Tí mo bá wà nínú ìbànújẹ́, á jókòó tì mí, olùtùnú nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè gbé méjèèjì, àwọn atúmọ̀ Bíbélì wa sì fi èyí tó yẹ sí ibi tó yẹ. Ohun tí èyí pa rẹ́ ni pé nígbà tí Jésù ní "Olùtùnú *mìíràn*" ní Jòhánù 14:16, òun fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ pẹ̀lú Jòhánù Kìíní 2:1 á rí i. Níbi bẹ́ẹ̀ ni Gíríìkì ti wúlò fún mi jù, kó so ibi méjì pọ̀ tí ìtumọ̀ ti yà nípá.

Ṣé akọ ni Ẹ̀mí Mímọ́ nínú Gíríìkì, àbí abo?

Ẹ̀yin tó ń gbé lókè níhìn-ín á tètè lóye èyí ju àwọn ará Ìbàdàn lọ. Hausa ní *mota ce*, ó sì ní *littafi ne*. Mọ́tò jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ, kò sì sẹ́ni tó ń wo abẹ́ mọ́tò kó tó mọ̀. Gírámà lásán ni. Ẹni tó bá ti sọ "mota ne" rí ní ọjà Wuse mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín.

Gíríìkì ní mẹ́ta: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan. Logos jẹ́ akọ, ekklesia jẹ́ abo, pneuma, ìyẹn ẹ̀mí, kì í ṣe ọ̀kankan. Paidion, ọmọ kékeré, náà ò sí nínú akọ tàbí abo, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń ké ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ẹ̀mí kì í ṣe ẹnìkan torí gírámà pneuma ti ṣì í. Àwọn tiwa náà sì máa ń ṣì í: wọ́n ní Jòhánù 14:26 lo "òun" ti akọ fún Ẹ̀mí, ẹ̀rí sì nìyẹn. "Òun" yẹn bá parakletos mu ni, ọ̀rọ̀ akọ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Ẹ gba ẹ̀rí yín lọ́wọ́ ohun tí Ẹ̀mí ń ṣe: ó ń kọ́ni, ó ń sọ̀rọ̀, a lè bà á nínú jẹ́. Yorùbá ní "ó" fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún àga, ó ti yọ wá nínú ìjà yìí.

Kí ẹ sì tó kúrò níbẹ̀: ní Jòhánù 3:8, pneuma kan náà ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síbi tó wù ú àti Ẹ̀mí tó ń bí èèyàn. Ẹ mí sínú kí ẹ tó pe ẹ̀mí, ẹ ó gbọ́ ohun tí Nikodémù gbọ́.

Àwọn tó máa ń kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé ní Jòhánù 1:1 kò pe Ọ̀rọ̀ náà ní Ọlọ́run, pé "ọlọ́run kan" ló wà nínú Gíríìkì. Báwo ni kí n ṣe dáhùn?

Ẹ kọ́kọ́ fún wọn lómi mu, oòrùn Abuja ò mọ ìjọ.

Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, *ho*, tó máa ń wà ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó fẹ́ jọ "náà" tiwa, bí kò tilẹ̀ bá a dọ́gba pátápátá. Gbólóhùn tó wà níbẹ̀ ni: *kai theos en ho logos*. Ho wà níwájú logos, kò sí níwájú theos, ìyẹn Ọlọ́run. Òótọ́ ni wọ́n sọ dé ibẹ̀ yẹn. Àmọ́ láti ibẹ̀ dé "kan" jìnnà. Tí ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́ bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ho máa ń já kúrò lára rẹ̀ nínú Gíríìkì. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ 49 ní orí kan náà. Nàtáníẹ́lì ní, "Ìwọ ni ọba Ísírẹ́lì." Kò sí ho lára ọba, kò sì sí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ọba kan". Ní ẹsẹ 6, Jòhánù Onítẹ̀bọmi wá láti ọ̀dọ̀ theos, láìsí ho. Ṣé ọ̀dọ̀ ọlọ́run kan ló ti wá?

Ará Amẹ́ríkà kan, E. C. Colwell, tẹ ìwádìí lórí àṣà yìí jáde lọ́dún 1933, àwọn oníwàásù sì ti fi ṣe kùmọ̀. Kì í ṣe kùmọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé àìsí ho kò tó ẹ̀rí fún "kan". Fúnra rẹ̀, kò parí ẹjọ́ náà.

Kí ni Jòhánù wá fẹ́? Ká ní ó fi ho sára méjèèjì, Ọ̀rọ̀ náà àti Ẹni tí ó wà pẹ̀lú á di ẹnìkan ṣoṣo, "wà pẹ̀lú" ò sì ní nítumọ̀ mọ́. Ó gbé theos síwájú láti sọ *ohun tí Ọ̀rọ̀ náà jẹ́*. Ẹ wá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́: "Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." Ọlọ́run bọ́ síwájú, *ni* tẹ̀ lé e, *náà* sì wà lára Ọ̀rọ̀, ibi tí ho wà gẹ́ẹ́. Tí mo bá ní "Tíṣà ni Táyé," iṣẹ́ Táyé ni mo sọ fún yín. Tí mo bá ní "Táyé ni tíṣà náà," ẹni tí ẹ ń wá ni mo fi hàn yín. Ọmọ ọdún méje gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn láìsí ẹni tó kọ́ ọ. "Ìfẹ́ ni Ọlọ́run" nínú Jòhánù Kìíní 4:8 náà tò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dojú rẹ̀ dé, ká sọ pé ìfẹ́ yòówù kó jẹ́ ni Ọlọ́run náà.

Gírámà ò lè gba ìgbàgbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bá àwọn àlejò Sátidé jókòó dé ọ̀sán rí, a sì túká láìyí ara wa lọ́kàn padà.

Ìgbà wo ni "you" Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìwọ, ìgbà wo ló jẹ́ ẹ̀yin?

Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò lè sọ fún yín. Gíríìkì lè sọ, Yorùbá náà lè sọ. Ẹ wo Jòhánù 3:7 nínú Bíbélì àtijọ́: "Kí ẹnu kí ó má ṣe yà ọ́, nítorí mo wí fún ọ pé, A kò lè ṣe aláìtún yín bí." *Ọ*, lẹ́yìn náà *yín*. Nikodémù nìkan ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀ lóru yẹn, àmọ́ gbogbo ìgbìmọ̀ tí Nikodémù ti àárín wọn wá ni ọ̀rọ̀ kàn. Bó ṣe wà nínú Gíríìkì gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bákan náà ni Kọ́ríńtì Kìíní 3:16: "ẹ̀yin" ni tẹ́ḿpìlì, ìjọ lápapọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ti fi ẹsẹ yẹn kọ sìgá sílẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò sì tú ẹsẹ náà ká fún un lọ́jọ́ yẹn. Kọ́ríńtì Kìíní 6:19 ló kàn án jù.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. "Ẹ" tiwa tún jẹ́ ti ọ̀wọ̀, Gíríìkì ò sì ní èyí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀yìn fi ń pe Jésù ní "ìwọ" nínú Bíbélì, tó ń dun àwọn ọmọ wa létí bí àfojúdi. Kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Ní ti "tún bí", anothen ni, ó sì lè jẹ́ "lẹ́ẹ̀kan sí i", ó lè jẹ́ "láti òkè". Nikodémù gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro inú ìyá rẹ̀. Ní ẹsẹ 31, anothen kan náà ni ẹni tó ti òkè wá.

Ṣé aorist, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì kan, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò lè tún ṣẹlẹ̀ mọ́?

Rárá. Jòhánù 2:20: ọdún 46 ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ḿpìlì, aorist sì ni "kọ́" yẹn. Ẹ kà á bí ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá tí kò ní "ń" tí kò sì ní "ti" níwájú. "Mo gbé Kaduna fún ọdún méjìlá." "Mo gbé" kò sọ bó ṣe pẹ́ tó. "Ọdún méjìlá" ló sọ ọ́.

Èyí tó dà bí "ti" wa ni wọ́n ń pè ní perfect: nǹkan ti ṣẹ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ìsinsìnyí. *Gegraptai*, "a ti kọ̀wé rẹ̀". Tetelestai tí Jésù ké lórí àgbélébùú náà wà lára wọn, "ó ti parí". Wọ́n máa ń wàásù pé ohun tí àwọn oníṣòwò ń kọ sórí rìsíìtì ni, pé gbèsè ti tán. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà lè jẹ́ kí èèyàn san owó orí, bó ṣe rí ní Mátíù 17:24 àti Róòmù 13:6. Àmọ́ ẹ wo Jòhánù 19:28, ẹsẹ méjì péré ṣáájú igbe yẹn: Jésù mọ̀ pé ohun gbogbo ti parí. Tetelestai kan náà ni, kò sì sí rìsíìtì níbẹ̀.

Ẹsẹ tó máa ń kó ìpayà bá àwọn èèyàn wa ni Jòhánù Kìíní 3:9. Ọmọbìnrin kan sunkún lé mi lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, ó ní òun ò tíì di àtúnbí nítorí òun ti parọ́ fún ọ̀gá òun lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kó ka ti Yorùbá sókè: ẹni tí a ti ipa Ọlọ́run bí *kì í* dẹ́ṣẹ̀. Mo bi í pé, "Tí mo bá ní mi *kì í* jẹ iṣu, tí o bá mi nídìí iṣu lẹ́ẹ̀kan, ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ jẹ iṣu lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kì í ṣe ìṣe yín." Ìyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ Gíríìkì rí nínú ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀. Jòhánù kan náà ló sì kọ ní 2:1 pé bí ẹnikẹ́ni bá dẹ́ṣẹ̀, a ní alágbàwí.

Fóònù mi ní Bíbélì tó ní nọ́ńbà lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó tó?

James Strong ló kó nọ́ńbà wọ̀nyẹn jọ, lọ́dún 1890. Agape ni 26, logos ni 3056. Wọ́n dára fún wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti jáde. Wàhálà wà nínú àwọn ìtumọ̀ tó tò sábẹ́ nọ́ńbà, tí àwọn èèyàn ń ṣa èyí tó bá wù wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Ká ní Òyìnbó kan ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí "ojú". Á rí ojú tí a fi ń ríran, ojú ọjọ́, ojú ọ̀nà, ojú abẹ́rẹ́. Tó bá wá lọ wàásù pé Yorùbá gbà pé abẹ́rẹ́ ń ríran, ta ni yóò dá a dúró? Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yan ìtumọ̀ fún yín.

Níbo la ti lè kọ́ Gíríìkì lókè níhìn-ín?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìsìn ń kọ́ni ní Bukuru àti Jos, Kaduna náà ní tàwọn Onítẹ̀bọmi. Lẹ́tà 24 ni, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún un. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò jẹ ọdún yín.

Èwo ló ṣì ń dà yín láàmú?

Epiousios. Inú Àdúrà Olúwa ló wà, ní Mátíù 6:11 àti Lúùkù 11:3, níbi tí a ti ń ní "oúnjẹ òòjọ́ wa". Origen, tí Gíríìkì jẹ́ èdè rẹ̀, tó sì gbáyé ní ọ̀rúndún kẹta, ní òun ò rí i lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọjà. Jerome tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì fi ọ̀rọ̀ kan sí i nínú Mátíù, ó fi òmíràn sí i nínú Lúùkù. Àwọn kan so ó mọ́ *epiouse*, "ọjọ́ kejì", tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:11. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọ̀la la ń tọrọ lónìí.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó sì gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá elélùbọ́ wa ń gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní owó ọjà ọ̀la ni, tí èèyàn ń so mọ́ etí ìró kó tó sùn. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé Gíríìkì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mátíù 6:11.